Orin Inú Àká: Ìtàn Àwọn Àwo Orin Tí Kò Dé Ọjà

Ní oṣù Kejì ọdún 1978, ilé-iṣẹ́ BBC bẹ̀rẹ̀ sí í fi eré kan han àwọn ọmọdé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí tẹlifíṣọ̀n, eré nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n sọ ní Grange Hill. Orin tí wọ́n fi ń ṣí i sì wọ àwọn ọmọ náà lára tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé àwọn tí wọ́n ti di ìyá àti bàbá ọmọ nínú wọn lónìí ṣì lè fi ẹnu lásán kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọdún tí ó tẹ̀ lé e gan-an ni ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n mìíràn, tí í ṣe orogún BBC, gbé ètò ìdárayá tirẹ̀ jáde, Give Us a Clue ni wọ́n pè é, orin kan náà ni ó sì tún ń ṣí ìyẹn. Ẹni tí kò mọ ìdí ọ̀rọ̀ yóò rò pé ẹnìkan jí orin ẹnìkejì ni. Kò sí ẹni tí ó jí ohunkóhun. Alan Hawkshaw ni ó ṣẹ̀dá orin náà, ó pè é ní “Chicken Man”, kò sì ṣẹ̀dá rẹ̀ fún ilé-ẹ̀kọ́ tàbí fún ìdárayá kankan. Ó ṣẹ̀dá rẹ̀, ó kó o sínú àká, níbi tí ẹnikẹ́ni tí ó bá ní ètò lọ́wọ́, tí ó sì ní owó lápò, ti lè lọ bù ú.

Bí àgbẹ̀ ti ń kó àgbàdo sí àká nígbà ìkórè, láìtí ì mọ ẹni tí yóò jẹ ẹ́ tàbí oúnjẹ tí a ó fi ṣe, bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn ilé-iṣẹ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ní Párís, ní Róòmù àti ní Munich ti ń gba orin sílẹ̀ fún àwòrán tí ẹnikẹ́ni kò tí ì yà, fún ìtàn tí ẹnikẹ́ni kò tí ì kọ. Wọn a gba ohùn rẹ̀ sórí àwo dúdú kìrìbìtì a-lu-ihò-láàárín, wọn a fi í sínú àpò, wọn a sì kọ sí ẹ̀yìn àpò náà, kì í ṣe ìyìn akọrin pẹ̀lú àwòrán rẹ̀ níbi tí ó ti ń rẹ́rìn-ín, bí kò ṣe irú iṣẹ́ tí orin kọ̀ọ̀kan lè ṣe, pẹ̀lú iye ìṣẹ́jú àti ìṣẹ́jú-àáyá tí ó gùn: èyí wà fún ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ ńláńlá, èyí wà fún ọkọ̀ tí ń sáré lójú títì, èyí wà fún olólùfẹ́ méjì tí wọ́n ń rìn létí òkun, èyí sì wà fún olè tí ń yọ́ wọlé lóru. Lẹ́yìn èyí ni wọn a fi àwo náà ránṣẹ́ sí àwọn tí ń ṣe fíìmù, ètò rédíò, ètò tẹlifíṣọ̀n àti ìpolówó ọjà. Kò dé ìsọ̀ alátà kankan, nítorí náà ará ìlú kì í rí i rà. Ẹni tí ó bá mú orin kan lò nínú rẹ̀ a kọ ìwé pé òun lò ó, a sì sanwó gẹ́gẹ́ bí gígùn ibi tí ó lò àti bí ibi tí a ó ti gbọ́ ọ ti pọ̀ tó, ilé-iṣẹ́ àti aṣẹ̀dá orin a sì jọ pín in. Owó kéékèèké ni lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n orin tí ètò ojoojúmọ́ bá gbé mọ́ra kì í dẹ́kun àti máa pawó wálé fún ẹni tí ó ni ín.

Òwò yìí dàgbà ju tẹlifíṣọ̀n lọ. Ó tilẹ̀ dàgbà ju sinimá tí ń sọ̀rọ̀ lọ. Nígbà tí àwòrán sinimá ń rìn láìfọhùn, atẹdùùrù kan tàbí ẹgbẹ́ eléré kékeré kan ni ó máa ń jókòó sí ìsàlẹ̀ aṣọ funfun tí àwòrán ń kọjá lójú rẹ̀, tí wọn yóò máa fi orin ti ìtàn lẹ́yìn. Iṣẹ́ líle gidi ni ó sì jẹ́ fún adarí ẹgbẹ́ eléré, tí fíìmù tuntun ń dé bá láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, láti wá orin tí ó bá ẹkún mu, èyí tí ó bá ìjà mu, àti èyí tí ó bá ẹṣin tí ń sáré mu. Ní ọdún 1909, ọmọ ilẹ̀ Họ́láńdì kan, Meyer de Wolfe, dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù láti máa pèsè irú orin bẹ́ẹ̀ sórí ìwé fún àwọn ilé sinimá, ilé-iṣẹ́ náà kò sì tí ì kú títí di òní. Ní Berlin, Giuseppe Becce, ọmọ Ítálì, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ tirẹ̀ jáde ní 1919, ó sọ ọ́ ní Kinothek. Nígbà tí ó sì di 1924, Ernö Rapée tẹ ìwé ńlá kan jáde ní New York, ó kọ orúkọ ìṣẹ̀lẹ̀ àti ìmọ̀lára ènìyàn sí etí ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tí ń tẹ dùùrù lè fò kánkán láti orí ìbànújẹ́ bọ́ sórí iná tí ń jó láìjẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ dúró. Nígbà tí sinimá wá la ohùn lẹ́yìn ọdún 1927, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn eléré wọ̀nyí, ṣùgbọ́n àìní tí wọ́n ń bọ́ kò bá wọn lọ. Ìwé ni ó di ohùn, tí àwo sì gba ipò ẹni tí ó jókòó sídìí dùùrù.

Ní àárín Ogun Àgbáyé Kejì ni ilé-iṣẹ́ Chappell, tí ó ti pẹ́ nínú òwò ìwé orin àti dùùrù ní Lọ́ńdọ̀nù, dá àká tirẹ̀ sílẹ̀. Queen's Hall, gbọ̀ngàn orin tí òkìkí rẹ̀ kàn jákèjádò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni bọ́ǹbù àwọn ará Jámánì sun di eérú ní oṣù Karùn-ún ọdún 1941. Síbẹ̀síbẹ̀ ẹgbẹ́ eléré tí Chappell ń lò láti fi orin kún àká rẹ̀ ń jẹ́ orúkọ gbọ̀ngàn náà, Queen's Hall Light Orchestra, tí Charles Williams sì ń darí rẹ̀. Williams yìí ni ó ṣẹ̀dá “Devil's Galop”, orin asáré-má-wẹ̀yìn tí BBC mú láti fi máa ṣí ìtàn Dick Barton lórí rédíò láti ọdún 1946, ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí ó jẹ́ pé nírọ̀lẹ́ tí ó bá dé, ọmọdé a fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀, àgbà a fi ìwé ìròyìn sílẹ̀. Inú àká kan náà ni “Puffin' Billy” ti wá, orin tí Edward White ṣe nípa ọkọ̀ ojú irin àtijọ́ kan. Bí ẹ bá fi í han ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó gbọ́ rédíò nígbà èwe rẹ̀ láàárín ọdún 1950 sí 1960, yóò ní orin ètò àwọn ọmọdé ọjọ́ Sátidé ni. Bí ẹ bá fi í han ọmọ Amẹ́ríkà ẹgbẹ́ rẹ̀, yóò ní orin ètò tẹlifíṣọ̀n Captain Kangaroo ni, kò sì sí èyí tí ó rántí ọkọ̀ ojú irin. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, a di ọṣẹ.

Àdéhùn kan tún wà tí ó ran àwọn oní-àká lọ́wọ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń ta àwo lọ́jà ti bá BBC ṣe é pé ìwọ̀nba wákàtí ni wọ́n lè fi gbé àwo títà sáfẹ́fẹ́ lọ́sẹ̀ kan, kí àwọn ènìyàn má baà ti orí rédíò gbọ́ ọ yó tán tí wọn kò fi ní rà á mọ́, àti kí iṣẹ́ má baà wọ́n àwọn olórin tí ń fi ojú ara wọn ṣeré. Àwo inú àká kò sí nínú ìṣirò yìí, nítorí pé kì í ṣe ọjà. Ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ pé òun ni olóòtú ètò tí wákàtí rẹ̀ ti ń tán lọ máa ń sá tọ̀.

Ṣùgbọ́n Ẹgbẹ́ Àwọn Olórin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò fẹ́ràn òwò náà rárá, n kò sì rí ẹ̀bi wọn. Ohun tí ojú wọn rí ni pé eléré kan yóò wọlé, yóò fun fèrè fún wákàtí mẹ́ta, yóò gba owó iṣẹ́ ọjọ́ kan, àwọn ènìyàn yóò sì máa lo èémí rẹ̀ fún ogún ọdún láì tún ránṣẹ́ pe òun tàbí ọmọ rẹ̀ láti wá fun fèrè mọ́. Nítorí náà, fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn ogun, ẹgbẹ́ náà dènà gbígba irú orin bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ nílé. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà: àwọn oní-àká di ìwé orin wọn sínú àpótí, wọ́n kọjá òkun lọ sí Brussels, sí Cologne àti sí Munich, wọ́n sì fi iṣẹ́ náà lé ọwọ́ àwọn eléré ibẹ̀, tí gbajúmọ̀ onílù tàbí onígìtá Lọ́ńdọ̀nù kan a sì bá wọn wọkọ̀ nígbà mìíràn. Ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i. Nítorí pé àwọn afunfèrè ilẹ̀ Jámánì àti Bẹ́ljíọ̀mù wọ̀nyí, tí jáàsì ti wọ̀ lẹ́jẹ̀, fi agbára àti ìdùnnú kan sínú àwọn àwo náà tí ó ṣì ń dún lára wọn títí di òní.

Ọjọ́ kejìlélógún oṣù Kẹsàn-án ọdún 1955 ni tẹlifíṣọ̀n àwọn oníṣòwò bẹ̀rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ìpolówó ọjà sì dé orí àwòrán fún ìgbà àkọ́kọ́ nílẹ̀ náà. Ilé-iṣẹ́ tí ó gba ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì, Associated-Rediffusion, tètè mọ̀ pé ẹni tí yóò máa jẹ orin tó bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí ó ní oko tirẹ̀. Ó ra ilé-iṣẹ́ orin àtijọ́ kan tí ń jẹ́ Keith Prowse, ó tún ra èkejì tí ń jẹ́ Peter Maurice, ó so wọ́n pọ̀, àpapọ̀ wọn sì di KPM, lójúlé 21 ní Denmark Street, àdúgbò tí gbogbo àwọn aṣẹ̀dá orin Lọ́ńdọ̀nù ti ń pàdé. Orúkọ Rediffusion kò ṣàjèjì létí àwa ará Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. Ẹbí ilé-iṣẹ́ kan náà ni ó ni àwọn àpótí asọ̀rọ̀mágbèsì tí a fi wáyà so mọ́ ògiri ilé àwọn bàbá wa ní Ìbàdàn, òun náà ni ó sì bá ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ dòwò pọ̀ nígbà tí WNTV, tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú, fọhùn ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959.

Robin Phillips ni ọkùnrin tí ó sọ KPM di ohun tí a ń wá kiri lónìí. Ní àárín àwọn ọdún 1960 ni ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀wọ́ àwo tuntun tí nọ́ńbà wọn bẹ̀rẹ̀ láti 1000, ó wọ gbogbo wọn ní aṣọ kan ṣoṣo, àpò aláwọ̀ ewé tí kò yí padà láti orí àwo kan dé orí èkejì àfi ní nọ́ńbà àti orúkọ, ó sì lọ ń wá àwọn ọ̀dọ́ tí etí wọn ṣí sí ohun tí ń lọ nígbà náà, àwọn tí wọ́n mọ ìwé orin kà bí ẹni ń ka ìwé ìròyìn, tí wọ́n sì tún mọ jáàsì, tí wọ́n mọ orin àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà. Keith Mansfield wà nínú wọn, ẹni tí orin rẹ̀ “Light and Tuneful” ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣí ìdíje tẹ́níìsì Wimbledon fún àwọn olùwòran BBC. Hawkshaw wà nínú wọn, a-tẹ-dùùrù-Hammond-bí-ẹni-ń-bá-ènìyàn-sọ̀rọ̀. Brian Bennett wà nínú wọn, onílù ẹgbẹ́ Shadows tí ń ti Cliff Richard lẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ náà ni Johnny Pearson, tí orin rẹ̀ “Heavy Action” rìn títí tí ó fi dé Amẹ́ríkà, tí ó sì di orin bọ́ọ̀lù alẹ́ ọjọ́ Ajé níbẹ̀.

Ibi tí mo fẹ́ kí a ti dúró díẹ̀ ni inú yàrá tí wọ́n ti ń gba orin náà sílẹ̀, nítorí níbẹ̀ ni gbogbo àṣírí náà wà. Wákàtí mẹ́ta ni à ń fún ìjókòó kan. Àwọn eléré á wọlé, wọn kò tí ì rí ìwé orin náà rí. A ó gbé e síwájú wọn, wọn ó gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, bóyá lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀rọ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́, kí aago tó lù, orin púpọ̀ ti wà lórí téèpù, ohun èlò á wọnú àpótí, olúkúlùkù á gba ibi iṣẹ́ mìíràn lọ. Àwọn ọmọ a-rí-ìwé-lù-ú-lójú-ẹsẹ̀ ni wọ́n, àwọn tí ó jẹ́ pé àwọn ni wọ́n fun fèrè, tí wọ́n ta gìtá, tí wọ́n lu ìlù lẹ́yìn ìdajì àwọn olókìkí akọrin ìgbà náà láìjẹ́ pé a kọ orúkọ wọn sára àwo. Lọ́jọ́ mìíràn, níbi iṣẹ́ àwọn olókìkí wọ̀nyẹn, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ á dúró lẹ́yìn gíláàsì, á máa bèèrè bóyá orin yìí yóò tà, bóyá kò gùn jù, bóyá ìlù kò pọ̀ jù. Níbi iṣẹ́ orin inú àká, kò sí ẹni tí ń bèèrè bẹ́ẹ̀. Kò sí ọjà tí à ń bẹ̀rù. Ohun tí wọ́n béèrè fún ni kí orin kọ̀ọ̀kan ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dójú àmì: bí a bá ní ìbẹ̀rù, kí ó bani lẹ́rù; bí a bá ní ìlú ńlá lóru, kí a rí iná mọ́tò nínú rẹ̀. Nítorí náà ni onílù fi lè dá nìkan lù fún ìgbà pípẹ́ níbi tí àwọn yòókù ti dákẹ́, kí ẹni tí ń gé fíìmù lè rí àyè fún ọ̀rọ̀ ẹnu. Nítorí náà ni wọ́n fi lè gbé ẹ̀rọ tuntun tí ń dún bí ohun tí kò sí láyé wọlé. Nítorí náà ni John Cameron àti Alan Parker fi lè ṣe odindi àwo kan tí wọ́n pè ní Afro Rock, ní ìgbà tí ìró ilẹ̀ wa ti ń gba Lọ́ńdọ̀nù kan nípasẹ̀ àwọn ẹgbẹ́ bíi Osibisa. Mo gbà láìṣiyèméjì pé òmìnira yìí, tí àìtà bí lọ́mọ, ni ó jẹ́ kí orin náà tọ́jọ́ ju ọ̀pọ̀lọpọ̀ èyí tí wọ́n fi ariwo gbé lọ sọ́jà lọ.

Ṣùgbọ́n òmìnira náà ní iye tí wọ́n san fún un, orúkọ ni wọ́n sì fi san án. Láàárín àwa Yorùbá, onílù tí ọwọ́ rẹ̀ bá dá, a kì í jẹ́ kí ó kọjá lọ láìmọ ọmọ ẹni tí í ṣe: a ó lẹ owó mọ́ ọn níwájú, a ó kì í, a ó sọ pé Àyánwálé nìyí, pé Àyángbèmí nìyí, ọmọ Àyàn Àgalú, ọmọ ìran tí ń fi igi àti awọ sọ̀rọ̀ ọba. Ó máa ń dùn mí nígbà tí mo bá rí bí àwọn eléré tí mo ń sọ yìí ti lo ayé wọn lẹ́yìn aṣọ. Lára àpò àwo náà, orúkọ aṣẹ̀dá orin nìkan ni a ń kọ; ti onílù, ti afunfèrè, ti onígìtá, kò sí. Ti aṣẹ̀dá orin pàápàá, ẹ̀ẹ̀mejì ẹ̀ẹ̀mẹta ni kì í ṣe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Delia Derbyshire, obìnrin tí ó fi téèpù àti ìró ẹ̀rọ ṣe orin Doctor Who lọ́ṣọ̀ọ́ fún BBC ní 1963 láti inú ohun tí Ron Grainer kọ sílẹ̀, wà nínú àwọn tí ó ṣe àwo Electrosonic fún KPM ní 1972, òṣìṣẹ́ BBC ni òun àti Brian Hodgson ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jọ ń ṣe, nítorí náà “Li De La Russe” ni wọ́n pe obìnrin náà níbẹ̀, wọ́n sì pe ọkùnrin náà ní “Nikki St. George”. Ní Róòmù, Piero Umiliani ní ju orúkọ kan lọ tí ó ń fi orin rẹ̀ pamọ́ sí, ó jẹ́ Moggi, ó jẹ́ Zalla. Alessandro Alessandroni, tí òun náà kún àká àwọn ará Ítálì, gbogbo ẹni tí ó ti wo fíìmù kọ́bọ́ì tí Ennio Morricone ṣe orin rẹ̀ ni ó ti gbọ́ ọ rí, nítorí òun ni ó ń súfèé nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa tí a súfèé tẹ̀ lé e ní ọ̀nà ilé ni ó mọ̀ pé ẹnìkan ni ó ni ètè náà?

Ẹ̀ẹ̀kan ni ọ̀ràn náà yí padà, tí ọjà fi wá bá orin inú àká nílé. Jan Stoeckart, ọmọ ilẹ̀ Họ́láńdì, ti kó orin kan sọ́dọ̀ De Wolfe lábẹ́ orúkọ Jack Trombey. Ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Thames mú un fún eré Van der Valk, ìtàn ọlọ́pàá kan ní Amsterdam, àwọn olùwòran sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ibi tí wọ́n ti lè rí i rà. Nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde lórúkọ Simon Park Orchestra, tí wọ́n pè é ní “Eye Level”, ó gun orí àtẹ orin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1973, ó jókòó síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, àwo tí wọ́n sì tà lé ní mílíọ̀nù kan.

Nínú sinimá náà, kò sí ibi tí orin yìí kò wọ̀. Nígbà tí ọwọ́ George Romero kò tó owó tí yóò fi pe ẹgbẹ́ eléré, orin inú àká ni ó fi dẹ́rù ba aráyé nínú Night of the Living Dead ní 1968. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, nínú Dawn of the Dead, ó tún bù láti inú àká De Wolfe, títí kan “The Gonk” tí Herbert Chappell ṣe, orin ayẹyẹ tí òkú ń rìn gbéregbère sí nínú ilé ìtajà. Àwọn apanilẹ́rìn-ín Monty Python pẹ̀lú, nígbà tí wọ́n rí i pé orin tí a kọ fún fíìmù wọn ti 1975 kò ní ọlá ńlá àwọn jagunjagun tí wọ́n ń fẹ́, àká De Wolfe ni wọ́n gbà lọ. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń wo SpongeBob SquarePants ní Òṣogbo tàbí ní Abẹ́òkúta lónìí, orin inú àká ni wọ́n ń gbọ́ lẹ́yìn ẹ̀rín wọn, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì dàgbà ju àwọn òbí wọn lọ.

Nígbà tí sídì dé láàárín ọdún 1980 sí 1990, àwọn oní-àká fi sídì ránṣẹ́ dípò àwo, àwọn ilé-iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n sì wo pẹpẹ gígùn tí àwo kún orí rẹ̀, wọ́n rí i pé ó kàn ń gbààyè lásán. Wọ́n kó o dà nù. Àkìtàn kì í kọ ẹ̀gbin, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí ọrọ̀ ni a gbé fún un. Èyí tí orí yọ nínú wọn bọ́ sí ọwọ́ àwọn tí ń ta ẹrù àlòkù ní etí títì, tí wọn kò mọ ohun tí ó jẹ́, nítorí kò sí àwòrán lára rẹ̀, kò sí orúkọ ẹni tí a mọ̀. Adìẹ funfun kò mọ ara rẹ̀ lágbà.

Àwọn tí ó kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lágbà ni àwọn ọ̀dọ́ tí ń fi àwo àtijọ́ ṣe orin tuntun, àwọn aláwọ̀ dúdú New York àti àwọn tí wọ́n kọ́ ọ lọ́dọ̀ wọn, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti wá ibi tí onílù ti dá wà nínú orin, kí wọ́n gé e, kí wọ́n yí i, kí wọ́n sì sọ̀rọ̀ lé e lórí. Hawkshaw àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe àwo kan fún títà ní 1968 ní orúkọ ẹgbẹ́ tí wọ́n pè ní Mohawks, “The Champ” ni orin náà. Ohùn dùùrù rẹ̀ bọ́ sínú àìmọye orin lẹ́yìn náà, KRS-One sì wà nínú àwọn tí ó lò ó, ní 1997. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ tí ó sì wádìí ẹni tí ó tẹ dùùrù náà yóò bá ara rẹ̀ níwájú àpò aláwọ̀ ewé. Ní Faransé náà, Janko Nilovic, tí a bí ní Istanbul, ti kún àká ilé-iṣẹ́ Montparnasse 2000 pẹ̀lú orin tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò gbọ́ fún ọgbọ̀n ọdún, títí Jay-Z fi mú ọ̀kan nínú wọn ṣe “D.O.A.” ní 2009, tí gbogbo ayé sì jó sí i.

Nígbà tí àwọn olùkójọ bá sọ ìdí tí wọ́n fi ń wá àwo wọ̀nyí, ọ̀wọ́n rẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ sọ: pé díẹ̀ ni wọ́n tẹ̀, pé a kò tà á rí, pé a ti da púpọ̀ nù. Òótọ́ ni, ó sì tó láti mú kí àwo tí wọ́n fi ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà kan di ohun tí a ń fi ọgọ́rọ̀ọ̀rún pọ́n-ùn rà báyìí. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ọ̀pọ̀ nǹkan ni ó wọ́n láyé tí ẹnikẹ́ni kò wá. Ohun tí mo rí lára àwọn olùkójọ tí ó mọ iṣẹ́ náà ni pé ìró ni ó kọ́kọ́ mú wọn: ìró tí àwọn agbóhùnsílẹ̀ tí ó gbówọ́ jù gbà, tí ìlù inú rẹ̀ mọ́ gaara nítorí pé kò sí ohùn akọrin tí ó bò ó. Lẹ́yìn ìró ni ìwádìí, nítorí ẹni tí ó bá rí orúkọ àdámọ̀dì lára àpò kò ní sùn títí yóò fi mọ ojú tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìkẹta, tí ó sì wọ̀ mí lọ́kàn jù, ni pé àwo wọ̀nyí ni àkọsílẹ̀ bí àwọn ènìyàn ìgbà kan ti rò pé ayé ń dún: ohun tí wọ́n pè ní ilé-iṣẹ́, ohun tí wọ́n pè ní ọjọ́ ọ̀la, ohun tí wọ́n pè ní Áfíríkà. Kò sí ìwé ìtàn tí ó lè sọ fún wa pé báwo ni ọ̀rọ̀ ìlọsíwájú ti ń dún létí ará Lọ́ńdọ̀nù ní 1968, ṣùgbọ́n àwo aláwọ̀ ewé kan lè sọ ọ́ ní ìṣẹ́jú méjì.

Nítorí náà ni n kò fi fara mọ́ àwọn tí wọ́n rà á láti tì í mọ́ inú àpótí kí iye rẹ̀ lè máa gòkè. A kò ṣe orin yìí fún àpótí. Iṣẹ́ ni a ṣe é fún. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tí ó tún un tẹ̀ kí ọ̀dọ́ tí kò lówó lè gbọ́ ọ, láti ìgbà tí àkójọ The Sound Gallery ti jáde ní 1995, títí kan Jonny Trunk, tí ó kó àwòrán àpò àwo wọ̀nyí jọ sínú ìwé The Music Library ní 2005, títí kan àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké tí ń tẹ àwo KPM ní àwọ̀ ewé rẹ̀ àtijọ́ fún ọjà, àwo tí ọjà kò rí nígbà àkọ́kọ́.

Àwọn àgbà náà sì rí i kí wọ́n tó darúgbó tán. Ní ọ̀rúndún tí a wà yìí, Hawkshaw, Mansfield, Bennett àti Alan Parker kóra jọ ní Lọ́ńdọ̀nù ní orúkọ KPM All-Stars, wọ́n sì ṣeré àwọn orin inú àká lójú ará ìlú tí ó sanwó wọlé láti wá wò wọ́n, ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò retí ní Denmark Street. Fíìmù kan tí ó sọ ìtàn òwò náà, The Library Music Film, sì jáde ní 2018, tí àwọn tí ó ṣẹ̀dá orin náà fi ojú ara wọn hàn nínú rẹ̀ tí wọ́n sì fi ẹnu ara wọn sọ̀rọ̀. Hawkshaw kú ní oṣù Kẹwàá ọdún 2021, ó jẹ́ ẹni ọdún 84. Ní ọdún yẹn, orin ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá tí ó ṣe fún aago ètò Countdown ní 1982 ṣì ń dún lórí Channel 4 láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì.